Òyìnbó Jó, Èrò Pariwo: Ta Ló Ń Fún Àlejò Ní Máàkì Tó Tọ́ Sí I?

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba, kí oòrùn tó mú, ọkọ̀ kì í rọ́nà gbà mọ́ níwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ti tò, onílù ti gbé gángan há abíyá, àwọn ọmọ ilé Balógun ti ń di ẹṣin ní gàárì. Bí òyìnbó kan bá yọ láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀, tó wọ ẹgbẹ́jọdá, tó gẹ fìlà, tó sì tẹ ẹsẹ̀ méjì bí ìlù ṣe ń lọ, gbogbo ojú á kọ sí i. Fóònù á gòkè, ariwo á sọ. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti ń jó bọ̀ láti ìta, tí òógùn ti mu aṣọ òkè rẹ̀ dé ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó rí i mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ayẹyẹ lásán ni, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àlejò jó, inú onílé dùn, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn wà ní Ojúde Ọba, fún ẹgbẹ́ tó bá yọ jù àti fún ìdílé tó bá gun ẹṣin dáadáa jù, ilé-iṣẹ́ Globacom sì ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ ayẹyẹ náà láti ọdún pípẹ́. Níbi tí ẹ̀bùn bá wà, adájọ́ ò ní ṣaláì sí níbẹ̀, ẹnu á sì máa kun adájọ́. Mélòó ni ẹsẹ̀ méjì òyìnbó yẹn tọ́ sí?

Níbòmíràn láyé, ẹjọ́ tí àwọn àjèjì oníjó máa ń rò ni pé onílé ń rẹ́ wọn jẹ, pé bó ti wù kí wọ́n mọ̀ ọ́n jó tó, ọmọ ìlú ni adájọ́ máa gbé ife fún. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yìnkùlé ni ìrẹ́jẹ ń gbà wọlé. Wọ́n ń yin àlejò ju iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò retí pé ó lè jó rárá. Ìyìn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọdé lẹ́kún ni wọ́n ń fún àgbàlagbà tó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú láná. Àwọn méjèèjì gba àtẹ́wọ́ kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n rẹ́ jẹ jù.

Ìjẹ̀bú kì í ṣe ibi tí àlejò ti ń rọ́wọ́ mú láyé àtijọ́. Oríkì ìlú náà fúnra rẹ̀ fi àjèjì halẹ̀, ó sọ ohun tí ojú ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ máa rí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà òwò láàárín ọ̀sà àti òkè ọ̀hún mú, wọn kì í sì í jẹ́ kí ará ibòmíràn gbà á kọjá bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí wà lára ohun tó dá ogun Ìmàgbọ́n sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí Gómìnà Gilbert Carter rán ọmọ ogun láti Èkó pẹ̀lú ìbọn Maxim, tí wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí, yálà onílé fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ohun tó wúni lórí ni pé Ojúde Ọba gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn tí ìlú kà sí ẹlẹ́sìn àjèjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Balógun Kúkù, jagunjagun àti oníṣòwò pàtàkì, di Mùsùlùmí, kò sì lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ọdún ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ́ ọba sí mọ́. Ó wá dá tirẹ̀ sílẹ̀: ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, ẹṣin ni, ìlù ni, wọ́n sì gba ojúde ọba lọ lẹ́yìn Iléyá láti dúpẹ́ pé ọba fún àwọn Mùsùlùmí láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ jó níbẹ̀ jó nítorí pé wọ́n gbà wọ́n láàyè. Bí a bá sì fẹ́ tọ pinpin rẹ̀ lọ jùyẹn lọ, Ọbańta tí gbogbo Awùjalẹ̀ ń tọ́ka sí kò hù láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ti ibòmíràn wá ni; àwọn òpìtàn Ìjẹ̀bú kan tilẹ̀ tọ orísun wọn dé Wadai, ní ìhà Sùdáànì. Ẹni tó bá fẹ́ lé àjèjì kúrò lágbo lọ́jọ́ náà á ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe.

Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Ọ̀gbágbá Kejì, ló sọ ayẹyẹ náà di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Ó gorí oyè ní 1960, ó sì wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 91, oṣù kan péré lẹ́yìn Ojúde Ọba rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìgbà rẹ̀ ni wọ́n jí ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde: àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra a pa ẹgbẹ́ pọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Orúkọ bíi Gbọ́baníyì, Jagunmólú, Tọ́balàṣẹ àti Bọ́bagúnwà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ìlú náà. Àwọn ọmọ bíbí ìlú pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àti àlejò wọn ni wọ́n jọ ń yan níwájú ọba. Ní ọdún 2024, nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, tòun ti sìgá lẹ́nu àti ara fínfín lápá, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ tí ti ọdún tó ń bọ̀ máa bọ́ sí. Àlejò kò ní dín kù. Pípọ̀ ni wọ́n á máa pọ̀ sí i.

Kí wá ni adájọ́ ń wò? Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ obìnrin kan tó ń bọ̀. Láti òkèèrè, àwọ̀ ni: gèlè, ìró àti ìborùn tó bára mu, agbòòrùn tó ga lórí àwọn tó wà níwájú. Bí wọ́n bá sún mọ́ tòsí, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan mìíràn. Ṣé gèlè gbogbo wọn ga bákan náà, tàbí ti ẹnì kan ti ń ṣubú sí etí? Ṣé ìyùn ọrùn àti tọwọ́ jẹ́ oríṣi kan? Ṣé ìlà wọn gún bí wọ́n ṣe ń jó, àbí àwọn tó wà lẹ́yìn ń sáré bá àwọn ará iwájú? Bí wọ́n bá dé iwájú ọba, gbogbo wọn á kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gba àdúrà, wọ́n á sì dìde láìdarú. Ẹni tó bá ti wọ ìró aṣọ òkè tó wúwo rí, tó sì ti gbìyànjú àtidìde lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí láìfi ọwọ́ kan ilẹ̀, mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí àlejò kò lè kọ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìlù.

Gángan kì í ṣe ariwo lásán, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Onílù tó mọṣẹ́ á wo oníjó, á ní kó bẹ̀rẹ̀, kó mi èjìká, kó yí, kó dúró. Bí oníjó bá gbọ́, ara rẹ̀ á dáhùn kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lórí awọ. Bí ìdílé Kúkù tàbí Ọdúnúgà bá ń bọ̀ lórí ẹṣin, onílù á bẹ̀rẹ̀ sí í ki baba ńlá wọn, ẹni tó wà lórí ẹṣin á sì mọ ibi tó yẹ kó ti na ọwọ́ sókè àti ibi tó ti yẹ kó tẹ orí ba. Ijó Yorùbá, ìjíròrò ni. Oníjó tó bá kàn ń ka ìlù ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta, á bá a dé ibì kan, ṣùgbọ́n nígbà tí onílù bá yí ọ̀rọ̀ padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ti bi í kọjá.

Ṣé ìrẹ́jẹ ni kí adájọ́ yọ máàkì lórí èyí? Rárá o. Ara ijó náà ni. Ohun tó yẹ kó yé èèyàn ni pé kì í ṣe àwọ̀ ara ló pààlà níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí baba rẹ̀ ń mú bọ̀ wálé fún Iléyá, tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" ni Yorùbá rẹ̀ mọ, kò gbọ́ ohun tí gángan ń wí ju ará Ítálì tó dúró tì í lọ. Síbẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá ṣìjó, ọmọ Peckham ni àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ máa dójú tì, òyìnbó ni wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìdájọ́ méjì. Bẹ́ẹ̀ àlejò lè kọ́ èdè náà: Susanne Wenger, ará Austria tó dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1950, tó sì gbé Òṣogbo títí tó fi kú níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, di olórìṣà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní. Yorùbá ló ń bá àwọn èèyàn sọ. Ohun tí etí lè kọ́ kò mọ ibi tí wọ́n bí èèyàn sí.

Buenos Aires ní Ajẹntínà ni ibi tí wọ́n ti bá ìṣòro máàkì àlejò yìí fà á jù lọ, orí ijó tángò sì ni. Láti ọdún 2003 ni ìlú náà ti ń ṣe ìdíje tángò ti gbogbo àgbáyé, inú oṣù Kẹjọ ló sì máa ń bọ́ sí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Èkíní ni ti ojú agbo: àwọn oníjó méjì-méjì bíi mélòó kan á jọ wà lójú agbo kan náà, wọ́n á máa yí po, wọn kò sì mọ orin tí wọ́n máa lù fún wọn tẹ́lẹ̀. Kò sí fífò, kò sí kí wọ́n tú ara wọn sílẹ̀ kúrò nínú ìdìmọ́ra. Èkejì ni ti orí ìtàgé, níbi tí oníjó ti lè mú orin tirẹ̀ àti àrà tirẹ̀ wá. Wọ́n tún fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn láyè láti ṣe ìdíje kékeré lọ́dọ̀ tiwọn, kí ẹni tó bá gbégbá orókè níbẹ̀ fò lé ìpele àkọ́kọ́ ní Buenos Aires.

Ti ojú agbo ni àwọn ọmọ ìlú kà sí ojúlówó. Rírìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìdúró, àti etígbọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tí kò dàgbà láàárín àwọn arúgbó tó ń jó o ní àdúgbò kò lè ní in lára. Nígbà tó di ọdún 2009, Hiroshi Yamao àti Kyoko Yamao, ará Japan, ló gba ipò kìn-ín-ní ní ọ̀nà yẹn gan-an, kì í ṣe lórí ìtàgé tí wọ́n ti lè fi àrà bo àìgbọ́ mọ́lẹ̀. Ọdún yẹn náà ni UNESCO kọ tángò sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé. Ní 2018, àwọn ará Rọ́ṣíà, Dmitry Vasin àti Sagdiana Khamzina, gba ti orí ìtàgé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Maksim Gerasimov láti Rọ́ṣíà àti Agustina Piaggio tó jẹ́ ọmọ Ajẹntínà gba ti ojú agbo.

Ẹni tó bá rí orúkọ wọ̀nyí lè ní ẹjọ́ ti tán. Kò tán. Agbára ṣì wà lọ́wọ́ àwọn adájọ́ ọmọ ìlú. Àjèjì oníjó tó bá pàdánù á máa ṣe kàyéfì bóyá ẹsẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó ni tàbí orúkọ. Ọmọ ìlú tó bá pàdánù á sì ní wọ́n ti ta àṣà fún ẹni tó ní dọ́là láti fi san owó olùkọ́. Iyàn méjèèjì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí àwọn ará Buenos Aires ṣe tó dára ni pé òfin wà nílẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá fò, ó fò, ẹni tó bá tú ìdìmọ́ra, ó tú u. Ẹni tí wọ́n já máàkì rẹ̀ lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti já a. Kò sí àtẹ́wọ́ tó lè dípò ìyẹn.

Ta ló sì ni tángò gan-an? Ebúté Río de la Plata, láàárín Buenos Aires àti Montevideo, ló ti jáde, láàárín àwọn tó ti Ítálì àti Sípéènì ṣí wá àti àwọn ọmọ ẹrú Áfíríkà tí ìlù wọn ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ìdí nìyí tí UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ Ajẹntínà àti Uruguay lórúkọ pọ̀. Bandoneón, ohun èlò orin tó ń sunkún nínú tángò, Jámánì ló ti wá. Carlos Gardel, tí kò sí olórin tángò tó lókìkí tó o, ìwé ìbí rẹ̀ wà ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé. Japan pàápàá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n: Tsunayoshi Megata, ọ̀tọ̀kùlú kan, lọ kọ́ ọ ní Paris ní àwọn ọdún 1920, ó sì padà sí Tokyo láti máa kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé tí àlejò bá kọ́, ó ṣòro kí ọmọ onílé lé àlejò mìíràn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde náà ní bandoneón tirẹ̀. Léèsì tí àwọn ìyá ń kó jáde nínú àpótí fún òde ńlá, Lustenau ní Austria àti St. Gallen ní Switzerland ni wọ́n ti ń ṣe é fún ọjà Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960, débi pé àwọn oníléèsì Lustenau ń wojú àwọn oníbàárà wọn ní Èkó kí wọ́n tó yan àwọ̀. Ẹṣin ńkọ́? Igbó kò gba ẹṣin. Kòkòrò tsétsé kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Ọ̀yọ́ tó wà ní ọ̀dàn ló fi ẹṣin jagun. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń da ẹṣin wá sí ìhà gúúsù, ọmọ Hausa ló sì sábà máa ń mú ìjánu dání nígbà tí ọmọ Balógun bá ń na ìdà sókè. Ọkùnrin yẹn wà lójú agbo láti àárọ̀ dalẹ́. Ó mọ ohun tí ẹṣin náà máa ṣe kó tó ṣe é. Bí ìdílé náà bá gba ẹ̀bùn, ọwọ́ ta ni ẹ̀bùn ń bọ́ sí? Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ àjèjì oníjó tó fo ọmọ Hausa yìí láti wá òyìnbó lọ, ibi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ló fò.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kò tíì tán ṣá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n fi ijó tí wọ́n ń pè ní breaking sínú ìdíje Olíńpíìkì ní Paris fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ Bronx ní New York ni ijó náà, láti ibi òde tí wọ́n ṣe ní 1973 níbi tí DJ Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà, ti ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù. Adájọ́ mẹ́sàn-án ló jókòó, ohun márùn-ún ni wọ́n sì ń wò, lára wọn ni bí oníjó ṣe ń gbọ́ orin àti bóyá àrà náà jẹ́ tirẹ̀. Ami, ọmọ Japan, ló gba wúrà obìnrin. Phil Wizard, ọmọ Kánádà, gba ti ọkùnrin. Amẹ́ríkà tó bí ijó náà gba idẹ ẹyọ kan. Obìnrin ará Ọsirélíà kan, Raygun, jó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìbò kan ṣoṣo kò sì bọ́ sí i lápò. Gbogbo ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí kò dáa. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kò ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò sì ṣàánú. Wọ́n wo ijó rẹ̀ bí wọ́n ṣe wo ti ẹlòmíràn, wọ́n sì fún un ní òdo. Ọ̀wọ̀ wà nínú òdo yẹn tí kò sí nínú ariwo tí èrò ń pa fún òyìnbó ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ijó kan wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ẹjọ́ yìí kò kàn. Àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, àwòrò òrìṣà Agẹmọ, a máa gba Ìmòsàn lọ lọ́dọọdún, bí ẹrù Agẹmọ bá sì ń kọjá, obìnrin á wọlé, á ti ìlẹ̀kùn. Margaret Thompson Drewal, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ètùtù Yorùbá tó jáde ní 1992, ṣe ìwádìí lórí Agẹmọ, ó sì mọ ibi tí ojú rẹ̀ lè dé àti ibi tí kò lè dé. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìrẹ́jẹ, nítorí pé kò sẹ́ni tó gbé ife síta. Alágẹmọ kò díje fún ojú ẹnikẹ́ni. Ojúde Ọba ló ki nǹkan méjì bọ inú ara wọn: ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ọba, tó jẹ́ ti ìdílé àti ti ìran, àti ìdíje, tó jẹ́ ti ojú. Wọ́n lè sọ pé ìdúpẹ́ jẹ́ ti ọmọ Ìjẹ̀bú nìkan, kò burú, ilé wọn ni. Àmọ́ bí wọ́n bá ti jẹ́ kí àlejò wọ inú ìlà tí wọ́n ń fún ní máàkì, kò yẹ kó wà níbẹ̀ bí òdòdó tí wọ́n fi há ara gèlè. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kí ẹgbẹ́ gba máàkì sí i tàbí kí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ pàdánù, bíi ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yòókù.

Àbá kan wà tó máa tètè wá síni lọ́kàn: kí wọ́n kúkú dá ẹ̀bùn àlejò sílẹ̀ lọ́tọ̀. Inú àwọn onígbọ̀wọ́ á dùn, àwọn oníròyìn á ya àwòrán. Ìyẹn ló máa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀bùn àlejò á sọ fún ẹni tó gbà á pé kò sí lára àwọn tí wọ́n ń bá díje, á sì sọ fún ọmọ Peckham pé kó lọ pinnu ibi tó fẹ́ dúró sí. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi dá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní 1970 ní Òṣákà àti ẹni tí wọ́n bí ní 1970 ní Ìta-Òṣù, ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Owó náà wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú kó má kan owó. Onílù jẹun láti ọwọ́ ẹni tó ń náwó. Bí àlejò bá kó dọ́là tàbí náírà tuntun jáde, gángan á fi gbogbo ẹgbẹ́ sílẹ̀, á yí sọ́dọ̀ rẹ̀, á máa fi orúkọ tí kò tíì mọ̀ pè é. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà lójú agbo léèwọ̀, wọ́n sì fi ìdájọ́ Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 kọ́ àwọn èèyàn lọ́gbọ́n: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ń fi àpò ìwé ṣe é báyìí. Ìlù ṣì ń tẹ̀ lé àpò ìwé náà. Ẹgbẹ́ tí kò lówó púpọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì mọ́, á máa fi ìlù tó ti rẹ̀ jó níwájú adájọ́, àlejò olówó á sì máa fi ìlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tútù jó. Àwọn ará Buenos Aires bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn ní ojú agbo, torí pé gbogbo àwọn tó wà lójú agbo lẹ́ẹ̀kan náà ni orin kan náà ń lù fún.

Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ díje lókè òkun á rí i pé ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀ ibẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó ìwé físà Schengen fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá a padà fún ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún. Oníjó Èkó tó mú ìwé ìpè, àkáǹtì báńkì àti fídíò ijó rẹ̀ dání lè gbọ́ pé ẹ̀rí kò tó pé ó máa padà wálé. Òyìnbó tó fẹ́ kọ́ ẹsẹ̀ zanku ní Èkó san owó rẹ̀, ó dé, ó kọ́ ọ, ó padà lọ dá kíláàsì sílẹ̀, ó sì ń gba owó wákàtí. Ẹni tó bí ẹsẹ̀ náà ní Agége ṣì ń dúró de ìpè láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní físà. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lórí ìtàgé kan ní Yúróòpù, adájọ́ olódodo jù lọ láyé kò lè fi máàkì dí àlàfo ohun tí ẹnì kan ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá tí ẹnì kejì sì fi gbogbo ìfowópamọ́ rẹ̀ ra.

Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò pọ̀, wọn kò sì wọ́n. Kí wọ́n tẹ ohun tí adájọ́ máa wò jáde kí Iléyá tó dé, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà rẹ̀. Kí adájọ́ tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan tàbí àna ilé Balógun kan yọwọ́ nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá ń kọjá. Kí ẹgbẹ́ onílù kan náà lù fún gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń gba máàkì, kí owó ìnáwó dúró dé ẹ̀yìn ibẹ̀. Kí ẹni tó ń mú ìjánu ẹṣin gba ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bùn ìdílé, kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kí wọ́n sì gbé àga kan sílẹ̀ láàárín àwọn adájọ́ fún àgbà onílù tí kò ní gángan lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ: bí ìlù bá ní kí oníjó bẹ̀rẹ̀, kó kọ orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.